Ta Ló Ṣí Omi Ẹlẹ́gbin Sódò?

Ọ̀pá irin ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ lọ bá. Kò tiẹ̀ wo òkú ẹja tó kún etí odò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá náà, ó fi ìka ra á, ó gbé ìka sójú oòrùn.

"Sájẹ́ǹtì, wá wo nǹkan."

"Ọ̀gá, èèyàn ń kú, irin lẹ ń wò," ni mo dá a lóhùn. Ẹ má bínú, bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn tí ebi bá ń pa mí. Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀, òórùn ibẹ̀ sì ti pa ìwọ̀nba sùúrù tí mo ní.

Kò tiẹ̀ kà mí sí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ìlú ńlá ni wọ́n ti rán an sí wa. Àwa ọlọ́pàá tó kù ti sọ ọ́ ní Jẹ́-N-Rò-Ó, torí ohun tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí a wà. Ìlú wa kéré, a ò ní ẹ̀rọ ńlá kankan. Páìpù ló ń kó omi ìdọ̀tí láti ilé ìgbẹ́ àti balùwẹ̀ gbogbo wa wá sínú kòtò mẹ́ta tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe lẹ́yìn ìlú. Inú kòtò kìíní ni ìgbẹ́ ti ń rogún. Nínú ìkejì, oòrùn àti afẹ́fẹ́ á máa bá omi náà ṣiṣẹ́. Tó bá fi máa dé ìkẹta, ó ti mọ́ débi pé àkèré ń gbé inú rẹ̀. Ilẹ̀kùn irin kan wà nísàlẹ̀ ògiri kòtò kẹta, ibẹ̀ ni omi tó ti mọ́ ń gbà lọ sódò. Ọ̀pá irin tó ga dé àyà èèyàn, tó wà lórí ògiri, ló ń darí ilẹ̀kùn náà. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn. Bàbá Oníkòtò là ń pè é.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ akórogún, èyí tó ń fa ìgbẹ́ tó ti rogún kúrò, wá fọ kòtò kìíní àti ìkejì. Tí wọ́n bá ń fọ̀ wọ́n, inú ìkẹta ni ìgbẹ́ tútù máa ń yà sí tààrà, ilẹ̀kùn irin sì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé gbágbá fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kò wà ní pípadé. Gbogbo ẹ̀gbin ìlú wa ló bá odò lọ sí abúlé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi mu. Àgbàlagbà méjì ti kú. Èèyàn mẹ́tàdínlógún wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn wọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú gbogbo wọn. Bàbá tó bí nọ́ọ̀sì yẹn, Bàbá Oníkòtò ni.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn wá bá wa ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú báńdéèjì lójú kan. Ó ní òun ni. Ó ní òun gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún wa pé òun tì í lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ ìyàwó náà sílẹ̀, mo sì ń fi yangàn. Ẹni tó bá padà lọ ṣí ohun tí wọ́n ti tì, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bí ọ̀rọ̀ àìkíyèsára ṣe di ọ̀rọ̀ ìpànìyàn nìyẹn. Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú yìí ni ọkọ̀ máa wá gbé Bàbá lọ sílé ẹjọ́ ìlú ńlá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Tó bá lọ, kò sẹ́ni tó rò pé ó máa padà wá. Aago mẹ́wàá sì ti lù.

"Wò ó," ni Jẹ́-N-Rò-Ó wí. "Tí ọ̀pá yìí bá dúró ṣánṣán, ilẹ̀kùn á ṣí dé ìdajì. Tí a bá fà á mọ́ra, ilẹ̀kùn á pa dé. Tí a bá taari rẹ̀ síwájú lọ́nà odò, ó ṣí gbayawu nìyẹn. Àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe wí."

"Bàbá tún wí pé ìdajì lòun máa ń ṣí i mọ, torí omi tó bá ya gbùú á wó etí odò. Ìpẹtà ọdún mọ́kàndínlógún ló wà ní apá iwájú yìí. Wo bó ṣe bó. Ó ń dán bí ọwọ́ ṣíbí. Ẹnì kan ti taari ọ̀pá yìí dé òpin, láìpẹ́ yìí."

"Bàbá náà ni. Ó bínú ni."

"Wo ẹ̀yìn ọ̀pá."

Mo wò ó. Ìka ẹsẹ̀ mẹ́wàá ti walẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tó gbẹ, ó sì jìn dáadáa. Ẹni náà ti fi gbogbo ara rẹ̀ ti nǹkan. Bàtà rọ́bà tó dé orúnkún ni Bàbá Oníkòtò sì ń wọ̀ ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ bàtà yẹn.

"Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló ṣe é," ni ọ̀gá mi wí. "Ta ló kórìíra Bàbá?"

Ìyẹn ò le. Ọkùnrin tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lókè odò. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó ń fọ ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sódò, wọ́n sì ti ọgbà rẹ̀ pa fún oṣù mẹ́ta. Ojú gbogbo ìlú ló ti búra pé òun máa sọ odò yẹn di ọ̀tá Bàbá. Inú mi dùn. Mo ní ọwọ́ wa tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ilé rẹ̀ la bá a, ó ń gbẹ́ kòtò. Ó rí wa, kò dá ṣọ́bìrì dúró.

"Ẹ ti dé. Mo mọ̀ pé ẹ máa wá."

"Níbo lẹ wà lọ́jọ́ Ajé?" ni mo bi í, mo fi ohùn le.

"Ẹ bi àwọn yẹn." Ó nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́sàn-án ló nà gbalaja síbẹ̀, ikùn wọn ti wú. "Mo ti kó wọn lọ sí ìsàlẹ̀ odò látọjọ́ tí bàbá yẹn ti fẹjọ́ mi sùn, kí wọ́n má baà rí mi wí mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mu omi odò, mo wá kó òkú wọn wálé. Ṣé ẹ rò pé mo máa torí pé mo bínú sí bàbá arúgbó kan, kí n wá pa ohun tí mo ń jẹ?" Ó tún ki ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀. "Mo bú u lóòótọ́. Ẹnu mi ló bú u. Ẹ lọ wá ẹni tí ẹ ń wá, ẹ jẹ́ n sin òkú mi."

A padà sínú ọkọ̀. Ọ̀gá mi yíjú sí mi. "Ìbínú rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Jẹ́ ká lọ bá Akọ̀wé."

Akọ̀wé kọ́mítì omi ìlú ni ọkùnrin náà. Bí a ṣe wọlé ló dìde, tó jókòó, tó tún dìde.

"Ọjọ́ wo ló yẹ kí ọkọ̀ akórogún wá?" ni ọ̀gá mi bi í.

"Ọjọ́... ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dé. Ta ló gbà wọ́n láyè?"

"Ọ̀gá, oṣù mẹ́fà la fi dúró dè wọ́n! Wọ́n ní táwọn bá yí padà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa ṣe é."

"Bàbá Oníkòtò ńkọ́?"

Ó gbójú sílẹ̀. "Kò sí nílé. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un ní ìlú ńlá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí n tó rántí pè é lórí fóònù. Ó figbe ta. Ó ní, 'Yéè, mo fi ọ̀pá sílẹ̀ ní ìdajì! Omi mímọ́ tó ṣẹ́ kù ni mo ní kó máa sàn lọ!' Ó ní òun máa pe ìyàwó òun kó sáré lọ síbẹ̀."

"Ẹ ò lè lọ fúnra yín?"

"Mi ò dé ibi ọ̀pá yẹn rí, ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí àfi Bàbá."

Ọ̀gá mi ní kí n pe ilé ìwòsàn ojú náà. Wọ́n sọ fún mi pé àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Bàbá wọlé, báńdéèjì wà lójú rẹ̀ méjèèjì títí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi mọ́, nígbà tí wọ́n tú ọ̀kan. Kò kúrò lórí ibùsùn.

Bàbá ò ṣí nǹkan kan. Irọ́ ló ń pa mọ́ ara rẹ̀.

"Ta lèèyàn ń torí ẹ̀ parọ́ mọ́ ara rẹ̀?" ni Jẹ́-N-Rò-Ó wí, bíi pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Aago méjìlá ti kọjá.

Àwọn ará abúlé ìsàlẹ̀ ti kún ẹnu géètì àgọ́ wa. Wọn ò pariwo, wọn ò sọ òkò. Wọ́n kàn dúró ni, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ìyàwó Bàbá wà láàárín wọn pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ ọkọ rẹ̀ lórí, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀.

Nínú àtìmọ́lé, Bàbá jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Bàbá, ẹ ò sí nílé lọ́jọ́ Ajé," ni ọ̀gá mi wí. "Ilé ìwòsàn ti sọ fún wa."

Bàbá fọwọ́ kan báńdéèjì ojú rẹ̀.

"Wọ́n máa pè yín ní apànìyàn."

"Wọ́n lè pè mí. Mo ti dàgbà." Ó wá gbá etí aṣọ ọ̀gá mi mú, àgbàlagbà yẹn, ó kúnlẹ̀. "Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Fi í lé mi lórí. Ohun tí mo ń tọrọ kò ju ìyẹn lọ. Má bi ìyàwó mi ní nǹkan kan mọ́. Ó ti sọ tẹnu rẹ̀."

"Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Kò dìde. Ọ̀gá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ilé ẹjọ́ ò bà á lẹ́rù, Sájẹ́ǹtì. Ìbéèrè ló ń bà á lẹ́rù. Ka ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ fún mi."

Mo kà á, mo tún gbóhùn sókè torí mo fẹ́ràn bí mo ṣe kọ ọ́: "'Ọkọ mi pè mí. Mo sáré débẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn irin náà, mo sì padà sílé.'"

"Ṣé ó dárúkọ ilẹ̀kùn?"

"Ọ̀gá, kí ló tún máa tì?"

"Mo ní, ṣé ó dárúkọ ilẹ̀kùn?"

Mo mú ìwé kékeré àpò mi jáde, èyí tí mo fi kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, kí n tó lọ tún un kọ sínú ìwé ńlá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: *Ó ní kí n di ọ̀pá náà mú, kí n tì í. Mo dì í mú, mo tì í.*

"Kò dárúkọ ilẹ̀kùn," ni mo wí. "Èmi ni mo fi kún un. Mo fẹ́ kó dùn ún kà."

"Sájẹ́ǹtì, tí mo bá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn yìí, tí mo ní kí o tì í, kí lo máa ṣe?"

"Màá pa á dé."

"Tí ọkọ̀ wa bá kú lójú ọ̀nà, tí mo ní kí o bọ́ sílẹ̀, kí o tì í ńkọ́?"

Ẹnu mi là, kò pa dé mọ́. Háà! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn ló wà lọ́kàn Bàbá nígbà tó ń pariwo lórí fóònù, ọ̀pá ló wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Tì í! Tì í pátápátá! Ìyá náà sì fi gbogbo agbára tì í. Nígbà tí Bàbá padà dé, tó bá ọ̀pá náà ní iwájú pátápátá, ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fà á padà, ó wá bá wa. Èmi tó yẹ kí n gbọ́ ọ, mo lọ fi ilẹ̀kùn kún un, mo fi ọwọ́ ara mi so okùn mọ́ ọrùn bàbá arúgbó.

"Ìyá ò mọ̀," ni mo wí. "Títí di báyìí, ó gbà pé òun pa á dé."

"Kò mọ̀."

"Ọ̀gá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń kú lọ yẹn. Tó bá gbọ́... Kí ló dé tí a ò kàn jẹ́ kí Bàbá..."

"Kí Bàbá kú sẹ́wọ̀n nítorí irọ́ tí àwa kọ?" Ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n omi ti dé ojú rẹ̀. "Jẹ́ n rò ó." Ó rò ó, ó pẹ́. Aago kan lù. "Lọ pe Ìyá wá."

A mú Ìyá lọ síbi kòtò. Ó gbé abọ́ oúnjẹ náà dání ní gbogbo ọ̀nà, ó ń bi wá bóyá wọ́n máa jẹ́ kí ọkọ òun jẹun kí ọkọ̀ tó dé. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọ̀gá mi bá a gbé abọ́ sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí bí ẹ ṣe ṣe é lọ́jọ́ Ajé."

Bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan fẹ́ gbọ́ tẹnu òun ló ṣe bọ́ bàtà sílẹ̀. Ó di ọ̀pá mú. Ó ki ìka ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àyà sun ún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀pá náà sì lọ síwájú, ó dún gbàà.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é. Ó le o! Mo pariwo sínú fóònù pé mo ti tì í. Bàbá ní, 'O ṣeun, ìyá. O ti gba odò là.'" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún wọn. Bàbá ò jẹ̀bi. Mo tì í fún un."

Lọ́jọ́ Ajé, ṣe ló sáré padà sílé láìwo ìsàlẹ̀. Báyìí, bóyá ojú wa ló rí, ó bẹ̀rẹ̀ sórí ògiri, ó wo ìsàlẹ̀. Látàná ni wọ́n ti dí páìpù ìlú, kòtò ti gbẹ, ilẹ̀kùn irin náà hàn gbangba.

"Sájẹ́ǹtì," ni Ìyá wí, "kí ló dé tí ilẹ̀kùn yẹn fi wà lókè?"

Ọ̀gá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ fa ọ̀pá náà padà sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀, ó sì dé gbágbá. Ìyá wò ó. Ó tún tì í síwájú fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn gòkè. Ó fà á. Ilẹ̀kùn tún sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jókòó sínú ẹrẹ̀. Kò sunkún. Mo fẹ́ kó sunkún, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ kó sunkún.

Kí aago méjì tó lù, mo ti fa ọ̀rọ̀ ìjọ́sí ya, mo ti kọ òmíràn bí Ìyá ṣe sọ ọ́ gan-an, láìfi nǹkan kan kún un. Ọkọ̀ ilé ẹjọ́ dé, ó sì padà lófìfo. Ọ̀gá mi jáde sí ẹnu géètì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ará abúlé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin apẹja kan, tí ìyá rẹ̀ wà nínú àwọn tó kú, bi í pé, "Ta wá ni ká mú?"

Bí a ṣe ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé, ojú tí Bàbá fi wo ọ̀gá mi, mi ò gbàdúrà kí ẹnì kan fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò mí. "Mo bẹ̀ ọ́," ló ń wí. "Mo kúnlẹ̀ fún ọ."

Ìyàwó rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Ọdún mọ́kàndínlógún, Bàbá! Ẹ ní kí n má débẹ̀, pé òórùn rẹ̀ máa bá mi wálé. Ẹ ò mú mi débẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí ẹ ní, 'Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé.'" Bàbá kó ojú sínú ọwọ́ méjèèjì.

Ìyá ní òun ló máa fẹnu ara òun sọ ọ́ fún ọmọ òun. Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn abúlé ìsàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà ò tíì sùn láti ọjọ́ méjì. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ níbi fèrèsé, ife omi oníyọ̀ àti ṣúgà wà lọ́wọ́ kan, ṣíbí wà ní ìkejì. Omi tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fà sí aláìsàn lára ti tán nílé ìwòsàn látàná, ohun tó kù nìyẹn. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀rọ̀ kankan bò. Nọ́ọ̀sì ò wo ojú rẹ̀ títí ó fi parí.

Nọ́ọ̀sì dìde. "Màmá, àwọn mẹ́rìndínlógún mìíràn wà níhìn-ín. Mo ní láti lọ wò wọ́n." Ó na ife náà sí i. "Ṣíbí kan, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún fún un ní ṣíbí kan."

Ìyá fà sẹ́yìn, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn ìdí. "Kì í ṣe ọwọ́ yìí. Má jẹ́ kí n fi ọwọ́ yìí fún un ní omi."

"Kò sí ọwọ́ mìíràn, Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí, ó ń sunkún báyìí, inú sì ń bí i. Ó fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ jáde, ó fi ṣíbí sí i, ó pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn, ó sì lọ.

Ṣíbí kìíní, ọmọ náà pọ̀ ọ́ jáde. Ìkejì ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu lọ sórí ìrọ̀rí. Ìyá nù ún, ó tún bu òmíràn. Mo di fìlà mi mú lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè kúrò. Ní ìkẹrin, mo rí i tí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ náà mi, omi náà sì lọ sísàlẹ̀. Ìyá ò gbójú sókè. Ó ń bu ìkarùn-ún.